Gọ́ọ̀mù Wo Ni Kò Ní Pa Ẹja Yín?

Ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ síbí, fún ẹ̀yin tí dátà yín kò gba ohùn.

Ìbéèrè kan ló gbé ọ̀rọ̀ tòní wá. Olùgbọ́ wa kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: àpótí gíláàsì tó fi ń sin ẹja ní pálọ̀ ti ń jò ní igun kan, púlọ́ńbà àdúgbò sì ní gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ṣé kí òun fi lẹ̀ ẹ́? Mo ní kó dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí.

Ohun méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí ẹja. Inú omi kékeré yẹn ló ń gbé, inú rẹ̀ ló ń mí, kò sì síbi tó lè sá lọ. Bí ohunkóhun bá ń jáde díẹ̀díẹ̀ lára gọ́ọ̀mù, ara ẹja ló ń lọ. Èkejì ni ìwúwo omi. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 35, máa gba lítà 63. Kílò 63 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kílò 50 péré ni àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ wo kí igun kan já lóru, kí gbogbo omi yẹn dà sórí extension àti inverter yín.

Sílíkónì ju sílíkónì lọ

Tẹ́ ẹ bá wo igun àpótí ẹja dáadáa, ẹ máa rí nǹkan rírọ̀ bíi rọ́bà tó so gíláàsì pọ̀. Sílíkónì nìyẹn. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969 ni wọ́n ti ń fi í kan àpótí gíláàsì láìsí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ti gan tán, kì í yọ́ sínú omi, ó sì máa ń fà díẹ̀ nígbà tí omi bá ń ti gíláàsì.

Àwọn ènìyàn máa sọ fún yín pé ẹ gbóòórùn rẹ̀: tó bá ń run bíi fínígà, ó dáa fún ẹja. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Irú sílíkónì kan wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń gan ni ásíìdì inú fínígà ń jáde lára rẹ̀. Tó bá gan tán, òórùn náà á lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan àpótí ẹja ń lò. Àmọ́ òórùn nìkan kò tó. Sílíkónì balùwẹ̀ náà lè máa run bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n ti po oògùn mọ́ ọn, kí nǹkan dúdúdúdú tó máa ń hù lára ògiri balùwẹ̀ má baà hù. Oògùn tí wọ́n ṣe láti máa pa nǹkan kò ní ṣe ẹja, edé àti ìgbín inú omi lóore.

Nítorí náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sára ike náà nínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí Mould resistant, Anti-fungal tàbí Bathroom, ẹ dá a padà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 100% silicone sí, tí wọ́n sì kọ Aquarium sí gbangba. Ó lè wọ́n ju èyí tí àwọn tó ń fi wíńdò ń lò lọ. Ṣùgbọ́n ti wíńdò, nítorí kí òjò má baà wọlé ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kò ṣe é kó gbé kílò 63 dúró.

Super glue ńkọ́?

Èyí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: super glue kì í pa ẹja tó bá ti gan. Cyanoacrylate ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1942 ni Harry Coover bá a pàdé níléeṣẹ́ Kodak, nígbà tí wọ́n ń wá ike tó mọ́ gaara fún ìbọn ogun. Wọ́n pa á tì nítorí pé gbogbo nǹkan ló ń lẹ̀ mọ́, ó sì di 1958 kó tó dé ọjà. Omi ló ń mú kó gan, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ ìka wa kíákíá.

Ẹ ra èyí tó ki bíi jẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ fi lẹ ewéko mọ́ òkúta tàbí igi inú omi. Ó lè funfun díẹ̀, ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi lẹ igun gíláàsì láé. Kì í fà, ṣe ló máa ń kán.

Epoxy, èyí tí wọ́n máa ń po méjì pọ̀, dára fún títo òkúta lé ara wọn, tẹ́ ẹ bá pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀ tó sì gan tán. Tí kò bá pò dáadáa, èyí tí kò gan á máa yọ́ sínú omi. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n po irin tàbí bàbà mọ́, torí bàbà tètè máa ń pa edé àti ìgbín.

Gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà kò yẹ níbẹ̀ rárá. Gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà máa ń rọ̀ nínú omi. Ti púlọ́ńbà sì rèé, páìpù ike ló wà fún, kì í mú gíláàsì.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe

Ẹ kó ẹja sínú ike mìíràn, kẹ́ ẹ da omi nù. Tó bá jẹ́ pé gíláàsì ìsàlẹ̀ ló sán, ẹ pààrọ̀ gíláàsì náà. Tó bá jẹ́ igun ló ń jò, ẹ fi bíléèdì ha gbogbo sílíkónì àtijọ́ tó wà nínú àwọn igun kúrò, torí tuntun kì í mú ti àtijọ́ dáadáa. Ẹ fi sípíríìtì nu ojú gíláàsì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fa sílíkónì tuntun láì dúró, kẹ́ ẹ sì fi ìka tẹ́ ẹ ní kíákíá, torí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ń di.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú nìyí. Ojú rẹ̀ lè gbẹ lónìí kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Bíi mìlímítà 2 sí 3 ló máa ń gan lójúmọ́. Oòrùn kọ́ ló sì ń mú un gan, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó máa pẹ́ sí i. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àpótí náà síta, kẹ́ ẹ pọn omi kún un, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì láìsí ẹja nínú rẹ̀. Tí kò bá jò, tí kò sì rùn mọ́, ẹ da omi náà nù, kẹ́ ẹ bu omi tuntun tí kò ní chlorine sí i. Ìgbà yẹn ni ẹja tó lè padà sílé.

Tẹ́ ẹ bá ní gọ́ọ̀mù kan nílé tí kò dá yín lójú, ẹ ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A máa ka díẹ̀ nínú wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà náà o.