Àìrí Kọ́ Ni Sísọnù

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé kalẹ̀ lónìí fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú ní Ìlaròó, ní Aiyétòrò àti ní gbogbo ẹ̀bá ẹnubodè ilẹ̀ Yewa. Ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni háàdì díráìfù, àpótí pẹlẹbẹ tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó iṣẹ́ pamọ́. Ó lè di ọjọ́ kan kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà bí a ti ń ṣe látẹ̀yìnwá, kí kọ̀ǹpútà sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí ohunkóhun. Ohun tí ènìyàn bá ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ni ó sábà máa ń sọ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ yóò padà bọ̀ sí i lọ́wọ́ tàbí yóò ṣègbé.

Kí ni ó wà nínú àpótí bẹ́ẹ̀? Ní ilé-ẹ̀kọ́, máàkì àwọn ọmọ ni, àti orúkọ àwọn tí wọ́n ti jáde. Láti ọdún 1963 ni Comprehensive High School ti wà ní Aiyétòrò, láti ọdún 1979 sì ni Federal Polytechnic ti wà ní Ìlaròó. Ọmọ mélòó ni ó ti gba ibẹ̀ kọjá! Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ owó. Ní ilé ẹlòmíràn, ohùn àwọn àgbà tí wọ́n ti sùn ni, tàbí àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ilẹ̀ wa tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní ọdún 2008. Máàkì ni a lè tún kọ. Ta ni yóò bẹ òkú kí ó wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ?

Ní ọdún 1956, èyí tí ó tẹ̀lé ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ yìí jáde. Àádọ́ta abọ́ pẹlẹbẹ ni ó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ni ó lè gbà. Èyí tí olùkọ́ ń fi sí àpò lónìí, tí a kọ 1 terabyte sí lára, ń gba ìlọ́po 200,000 ti ìgbà náà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yí padà: abọ́ ń yí bírí, ọ̀pọ̀ a máa yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun kan bí abẹ́rẹ́ giramafóònù sì ń kà á láìfi ara kàn án. Fọ́nrán irun orí kan nípọn ju àlàfo àárín wọn lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Àwọn mìíràn wà tí a ń pè ní SSD, tí kò ní abọ́ tí ń yí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wáyà àti iná tiwọn kò yàtọ̀.

Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò? Ibi tí ó rọrùn jù ni. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà, nítorí pé òun ni a ń ká, òun ni a ń fà, òun ni ó sì ń tètè já nínú láìhàn lójú. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú, nítorí pé wáyà mìíràn wà tí kò lè gbé ju iná tí a fi ń sáàjì fóònù lọ.

Lẹ́yìn wáyà, ẹ wo iná. Àpótí kékeré kì í ní iná tirẹ̀. Ara kọ̀ǹpútà ni ó ti ń mu ún. Ojú ihò USB 2.0 ń fún un ní 500 mA, ti USB 3.0 sì ń fún un ní 900 mA. Bí ojú ihò kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ bá ti gbó, tàbí tí nǹkan mẹ́ta mẹ́rin bá ń mu iná láti ojú ihò kan ṣoṣo, iná náà lè má tó láti yí abọ́. Ẹ so ó mọ́ ojú ihò mìíràn tààrà. Àpótí ńlá tí ó ń lo iná ògiri, ẹ yẹ ádápítọ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí kọ̀ǹpútà kejì bá rí i, ara ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti wá àrùn náà.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ Windows ni ẹ ń lò, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máàsì tẹ àmì Start, kí ẹ sì yan Disk Management. Bí àpótí bá hàn níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò ní lẹ́tà ìdánimọ̀, bíi E tàbí F. Ó dà bí ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ́jísítà: olùkọ́ kò ní pè é, òun náà kò ní dáhùn. Ẹ fún un ní lẹ́tà, yóò dáhùn. Bí a bá kọ Offline sí i lára, ẹ sọ ọ́ di Online.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Kọ̀ǹpútà lè sọ pé kí ẹ ṣe Format kí ẹ tó lè lo àpótí náà, tàbí kí ẹ ṣe Initialize. Bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn bá wà nínú rẹ̀, ẹ má gbà! Format ń pa àmì ojú ọ̀nà rẹ́ láti fún yín ní ilẹ̀ tuntun. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà Apple ni ó kọ nǹkan sínú àpótí náà, tí Windows kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Ọmọ Ìdiròkò tí kò gbọ́ Faransé kò lè ka pátákó òdì kejì ẹnubodè, ṣùgbọ́n èyí kò wí pé pátákó náà ṣófo. Bí ẹ bá sì rí RAW, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi kó ohun inú rẹ̀ jáde sí ibòmíràn, kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì gbọ́ ìró kò-kò-kò nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíákíá. Ẹ má ṣe tún un tan láti wò ó bóyá. Ẹ má sì ṣe tú u, nítorí pé eruku díẹ̀ ti tó láti bá abọ́ jẹ́. Ti ẹni tí ó ní yàrá tí kò ní eruku àti irinṣẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn.

Kì í ṣe ayé kọ̀ǹpútà ni irú ewu yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ó fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ wọn. Òǹkọ̀wé kú ní ọdún 1901. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó fi sílẹ̀ nílé ni Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, fi lè tún un kọ. Nígbà tí ìwé kejì yìí wà nínú ọkọ̀ òkun Appam ní oṣù kìíní ọdún 1916, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n rò pé ìwé tún ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n ó tún jáde, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921. Ká ní ẹ̀dà kan ṣoṣo ni Johnson ní, ìwé tí gbogbo olùkọ́ ìtàn ń tọ́ka sí kì bá tí sí.

Nítorí náà, ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní: méjì nínú oríṣi ohun ìpamọ́ tí ó yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní ibòmíràn tí iná ilé kan tàbí olè kan kò lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ fẹ́ yọ àpótí kí ẹ tó yọ ọ́, pàápàá ní ilẹ̀ tí iná ti lè lọ nígbàkúgbà. Ẹ sì máa ṣí àwọn ẹ̀dà náà wò lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀dà tí a kò yẹ̀ wò, ìrètí lásán ni. Olùkọ́ tí ó bá lè ṣe èyí kí táàmù yìí tó parí ti gba àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àdánù tí wọn kò mọ̀ pé ó ń bọ̀.