Bí Àlùfáà Bá Ṣàìsàn, Ta Ló Ń Gba Ìwé Dókítà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Láti Lekki Phase 1 dé Ajah, èèyàn kì í rìn jìnnà kó tó kan pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ ká wọ ọgbà ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin kan ń gbálẹ̀, akọ̀wé ń tẹ ìwé ìkéde ọjọ́ Ìsinmi, àlùfáà wà ní ilé míṣọ̀n lẹ́yìn. Bí ibà bá dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, òfin orílẹ̀-èdè wa mọ ohun tó tọ́ sí méjì nínú wọn. Ẹnì kẹta, tó jẹ́ pé òun la máa ń sáré pè bí ara wa ò bá yá, ni òfin náà kò dárúkọ.

Labour Act ni mò ń wí. Abala 16 rẹ̀ ní bí àìsàn bá dá òṣìṣẹ́ dúró, tó sì mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí agbanisíṣẹ́ máa san owó iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan. Àmọ́ abala 91 pe òṣìṣẹ́ ní ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, ó sì yọ alákòóso àti onímọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwàásù àti ìtọ́jú ọkàn kò sí níbẹ̀. Ìwé òfin ìjọ tirẹ̀ ni àlùfáà máa ṣí láti mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ìwé yẹn sì yàtọ̀ láti ọgbà kan sí èkejì.

Ti àwọn Kátólíìkì ló kún jù nínú èyí tí mo mọ̀. Abẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Èkó, Alfred Adewale Martins, tó gorí àga ní 2012, ni àwọn ìjọ wọn ní Lekki àti Ajah wà, àmọ́ Òfin Kánọ́ọ̀nù ti 1983 ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé. Àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé e lórí: kánọ́ọ̀nù 1051 ní kí wọ́n wádìí ìlera ara àti ti ọpọlọ ẹni tó fẹ́ di àlùfáà. Lẹ́yìn ìyẹn, kánọ́ọ̀nù 281 sọ ọ́ di dandan pé kí ètò wà fún un nígbà àìsàn, nígbà tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, àti nígbà ogbó. Kò sọ iye ọjọ́. Ìsinmi ọdọọdún ló ní iye, oṣù kan, ìsinmi ni wọ́n sì fi oṣù yẹn ṣe, kì í ṣe àìsàn. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́, bíṣọ́ọ̀bù á yan alámòójútó sí ìjọ náà kíákíá. Kí ẹni yẹn tó dé, igbákejì àlùfáà ló ń dì í mú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kánọ́ọ̀nù 930. Àlùfáà tí kò lè dìde dúró lè jókòó ṣe Máàsì, bí wọ́n bá sì gbà á láàyè, ó lè ṣe é bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ. Afọ́jú náà lè ṣe é, kí ẹlòmíràn dúró tì í. Orúnkún lè kọṣẹ́ kí ìpè má kọṣẹ́.

Bí àìlera náà kò bá wá lọ mọ́, tó sì ń ba iṣẹ́ ìjọ jẹ́, kánọ́ọ̀nù 1741 gba bíṣọ́ọ̀bù láyè láti gba ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè dá a ṣe o. Yóò jíròrò pẹ̀lú àlùfáà ìjọ méjì, yóò sì kọ́kọ́ rọ ẹni náà pé kó kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 15. Ipò ló lọ, oyè àlùfáà kò lọ.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí a bá dé ìjọ tó dá dúró, tí ẹni tó dá a sílẹ̀ ṣì ń darí rẹ̀. Àìlera tí CAMA, òfin tí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ fi ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, fi yọ èèyàn kúrò nípò trustee (alábòójútó ohun ìní ìjọ) ni ti ẹni tí ilé ẹjọ́ bá ti sọ pé orí rẹ̀ kò pé. Àrùn rọpárọsẹ̀, kíndìnrín, jẹjẹrẹ, kò sí wọn níbẹ̀. Bí ìwé ìjọ náà bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó dìde.

Ìdákẹ́ yẹn lórí àìsàn pásítọ̀ ní ìtàn láàárín wa. Lẹ́yìn ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930, àwọn Aládùúrà pe àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì sí ibà. Àdúrà nìkan ni ti àwọn Aládùúrà, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ó wà lára ohun tó bí Christ Apostolic Church. Títí dòní, pásítọ̀ mìíràn ń bẹ̀rù pé bí òun bá gba ìwé dókítà, àwọn èèyàn á ní ìgbàgbọ́ òun ti yẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè lọ sílé ìwòsàn, ó sì ń dùn mí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé kò pọ̀: ta ló máa dúró fún un, oṣù mélòó ni owó rẹ̀ á fi máa wọlé, ta ló máa gba ìwé dókítà. Iye ọjọ́ ìsinmi ló yẹ kí ìwé dókítà náà kọ, kì í ṣe orúkọ àrùn. Abala 26 National Health Act ti 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn, nítorí náà kí á tó dárúkọ àrùn pásítọ̀ níbi àdúrà ọjọ́ Ìsinmi, kí á gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti owó ìtọ́jú, òfin NHIA ti 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ìlera Èkó ni ti ìpínlẹ̀ wa. Bí ìjọ bá sì ń dá owó ìfẹ̀yìntì fún un lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, tí dókítà bá jẹ́rìí pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kò ní dúró dìgbà tó bá pé ẹni 50 ọdún kó tó fọwọ́ kàn án.

Ó ku ilé. Àlùfáà tó ń gbé ilé ìjọ ní Ìgbò-Ẹfọ̀n tàbí Sangotedo, bí ipò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìsàn, ilé fẹ́ bọ́ nìyẹn, owó ilé lójú ọ̀nà Lekki sì ga ju apá ẹni tí kò gbowó oṣù mọ́. Kánọ́ọ̀nù 1747 ti ronú kàn án: bí kò bá ṣeé ṣe láti gbé aláìsàn náà kúrò láìsí ìnira, kí bíṣọ́ọ̀bù fi ilé sílẹ̀ fún un, àní fún òun nìkan, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì nílò rẹ̀. Ìjọ kékeré tó ń háyà gbọ̀ngàn ní Ajah lè kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀ ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo.