Bí A Ṣe Ń Ka Nọ́ńbà Afẹ́fẹ́ Lára Ọ̀rá Ìpamọ́ Ẹ̀wà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń kó ẹ̀wà pamọ́ mọ̀ pé láti oko ni kòkòrò ti sábà máa ń bá a wọ àká. Bí a bá di ẹ̀wà pinpin sínú ọ̀rá, mímí ni kòkòrò yóò fi lo ọ́síjìn inú rẹ̀ tán; kò ní lè jẹun, kò ní lè bímọ, yóò sì kú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè yọ́ gbà kọjá rárá. Ìwọ̀n tí ó ń gbà kọjá ni ó yẹ kí a mọ̀.

Òṣùwọ̀n méjì ni àwọn tí ń ṣe ọ̀rá máa ń lò. Èkínní ni iye cc ọ́síjìn tí ó gba ojú ọ̀rá tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó kọjá láàárín wákàtí 24. Ṣíbí tíì kan ń gba 5 cc. Bí nọ́ńbà yìí bá ti kéré tó ni ọ̀rá ti dára tó. Èkejì ni barrer, tí a fi orúkọ Richard Barrer pè, onímọ̀ kẹ́místrì tí a bí ní New Zealand ní ọdún 1910. Irú ike nìkan ni barrer ń sọ. Kò sọ bí ọ̀rá ti nípọn tó.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. HDPE, ike tí ń dún bí a bá fọwọ́ rún un, ní nǹkan bí 0.4 barrer fún ọ́síjìn. LDPE tí ó rọ̀ ní nǹkan bí 2.9. Bí HDPE bá nípọn ní máíkírónì 80 (1,000 rẹ̀ ni mìlímítà kan), nǹkan bí 330 cc ni yóò kọjá lóòjọ́, bí ọ́síjìn nìkan bá wà níta. LDPE tí ó nípọn bákan náà yóò jẹ́ kí nǹkan bí 2,400 cc wọlé. Kí ó tó lè bá a dọ́gba, yóò nípọn tó máíkírónì 580. Ta ni yóò lè ká irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu so?

Nítorí náà, bí òǹtajà bá wí pé ọ̀rá òun nípọn, ẹ bi í léèrè irú ike tí ó jẹ́, àti máíkírónì mélòó. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ìgbóná wo ni a fi wọ̀n ọ́n. 23 sẹ́ńtígíréèdì ni wọ́n sábà máa ń lò. Àká wa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru a sì máa mú kí ọ́síjìn yára kọjá. Àpò PICS, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní ọdún 1987, ní ọ̀rá HDPE méjì nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máíkírónì 80, nítorí náà ohun tí ń kọjá dín sí ìdajì.

Kí ẹ tó da ẹ̀wà sí i, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ dì í lẹ́nu, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá etí yín. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, ihò ti wà lára rẹ̀, nọ́ńbà tí a kọ sí i kò sì wúlò mọ́.