Fídíò Ni Wọ́n Fi Ń Wá Ra Oògùn

Tẹ́lẹ̀, ìwé tí dókítà kọ ni oníbàárà máa ń mú wá sọ́dọ̀ mi. Lóde òní, fóònù ni wọ́n ń nà sí mi lórí káńtà. "Àǹtí, ẹ gbọ́ nǹkan tí dókítà yìí sọ. Oògùn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fún mi." Dópẹmu ni ilé oògùn mi wà, kò jìnnà sí abẹ́ bíríìjì tí èrò ti ń wọ mọ́tò Akówonjo àti Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí náà kò sí irú èèyàn tí kì í yà wọlé: awakọ̀, ìyá ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́, àti ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ ń fi fídíò ránṣẹ́ sí láti Kánádà lórí WhatsApp.

N kò kórìíra dókítà tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Kí ayélujára tó dé ni àwọn kan ti ń ṣe é, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, polongo omi oníyọ̀ àti ṣúgà títí tí àwọn ìyá wa fi mọ ohun tí wọ́n lè fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Nígbà tí Fẹlá, àbúrò rẹ̀, kú lóṣù Kẹjọ ọdún 1997, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó níwájú àwọn oníròyìn, tó ní àrùn éèdì ló pa á. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ éèdì. Ì bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá dá a lẹ́bi. Kò dákẹ́, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, Dókítà Chinonso Egemba, tí wọ́n ń pè ní Aproko Doctor, ń fi èdè tí ọmọ iléèwé máa gbọ́ ṣàlàyé àìsàn lórí ayélujára. Inú mi máa ń dùn tí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ bá mú kí ẹnì kan wá bi mí ní ìbéèrè.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀ síyẹn. Ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkó. Lọ́jọ́ 19 oṣù náà, Donald Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, bọ́ síta, ó ń yin chloroquine. Oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀ ni, èyí tó ń mú kí ara yún èèyàn bí ẹni tí èèrùn bò, tí ìjọba Nàìjíríà sì ti fi oògùn mìíràn rọ́pò láti 2005. Kíá ni owó rẹ̀ gbéra l'Ékòó. Ọkùnrin kan wọlé, ó ní kí n kó páálí mẹ́ta fún òun. Mo bi í pé ta ló ń ṣàìsàn. Ó ní kò sí, ó ní òun fẹ́ kí ìyàwó àti àwọn ọmọ máa lò ó sílẹ̀ ni. N kò tà á fún un. Ó bínú, ó ní ibòmíì wà. Òótọ́ ni, ibòmíì wà.

Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí àwọn aláṣẹ ètò ìlera l'Ékòó fi kéde pé àwọn kan ti dèrò ilé ìwòsàn nítorí chloroquine tí wọ́n lò ní àlòjù. Àárín ìwọ̀n oògùn yẹn tó ń woni sàn àti èyí tó ń pani kò fẹ̀ rárá. Tó bá ti pọ̀ jù, á da bí ọkàn ṣe ń lù rú, ọkàn sì lè dúró.

Lóṣù Keje ọdún kan náà ni fídíò Stella Immanuel dé. Yunifásítì Calabar níbí ni obìnrin yìí ti kọ́ṣẹ́ dókítà kó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó wọ aṣọ funfun, ó dúró ní Washington, ó ní hydroxychloroquine, ọmọ ìyá chloroquine, ń wo kòrónà, ó ní kò sí ìdí fún ìbòmú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù Kẹfà ni àwọn olùwádìí RECOVERY nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kéde pé oògùn náà kò ran àwọn aláìsàn kòrónà tó wà nílé ìwòsàn lọ́wọ́. Facebook àti YouTube yọ fídíò náà kúrò, àmọ́ ó ti wà lórí fóònù àwọn ará Dópẹmu. Fídíò yẹn le fún mi ju ọ̀rọ̀ Trump lọ. Trump kì í ṣe dókítà, mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Ti obìnrin yìí ńkọ́? Ojúlówó dókítà ni, ohùn rẹ̀ sì jọ tiwa. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ ojúlówó dókítà tó ṣi ọ̀nà sọ̀rọ̀ wúwo ju ti ayédèrú lọ, torí orúkọ iṣẹ́ náà ni aráàlú ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ti ayédèrú kì í ṣe tuntun. Ẹni tó bá wọ mọ́lúè láti Agége lọ sí Òṣòdì láyé ìgbà kan á rántí àwọn tó ń dìde láàárín ọkọ̀, tí wọ́n á gba àdúrà, tí wọ́n á sì na ìgò kan sókè pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, àti àìrọ́mọbí. Lọ́dún 2015, àṣírí ọkùnrin kan tú tó fi ìwé ẹ̀rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ dókítà fún ọdún mẹ́sàn-án nílé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera. Ilé iṣẹ́ ìlera gan-an o! Oògùn inú mọ́lúè kì í kọjá èrò inú ọkọ̀ kan. Fídíò ń wọ yàrá ìyá àgbà láago méjì òru.

Ìyá kan wà tó máa ń wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ mi lóṣooṣù. Ó ṣàdédé dáwọ́ dúró. Ọmọ rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Ẹnì kan tó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́kàn kọ́rùn lórí fídíò ló ní kó ju oògùn òyìnbó nù, pé ayù àti ọsàn wẹ́wẹ́ inú ìgò tí òun ń tà á fọ ẹ̀jẹ̀ ríru dànù. Mo wo fídíò náà látòkè délẹ̀. Kò sí orúkọ bàbá, kò sí ilé ìwòsàn, "Dókítà" lásán ni. Kò bèèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni, kò bèèrè bóyá àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti tan ìyá yẹn jẹ.

N kò bá àwọn tó ń sá tọ fóònù jà. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ lágbègbè wa níbí, a sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ wo èrò tó ń tò ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ iṣẹ́ kan á lọ, owó mọ́tò á lọ, ọ̀fẹ́ sì ni fídíò.

Ẹ̀yin dókítà tó ń sọ̀rọ̀ lórí ayélujára, ẹ má ṣíwọ́. Ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún. Ẹ sọ àmì tó yẹ kó mú èèyàn sáré lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì fi ìwọ̀n oògùn sílẹ̀ fún ẹni tó máa rí aláìsàn lójúkojú. Lọ́dún 2014, Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kí Patrick Sawyer, aláìsàn tó gbé Ebola wọ Nàìjíríà, jáde nílé ìwòsàn l'Ékòó, bí wọ́n ṣe fínná mọ́ ọn tó. Dókítà náà kú lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ nínú Ebola tó dá dúró. Lóṣù yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ tó ń kiri lórí fóònù ní ká mu omi iyọ̀ kí Ebola má bàa mú wa, àwọn kan sì ti ibẹ̀ kú.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ máa gbé fídíò yín wá. N ó wò ó pẹ̀lú yín. Tí ẹ bá rí ojúlówó dókítà tó ń ta oògùn tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ kọ̀wé sí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ dókítà lábẹ́ òfin ní agbára ilé ẹjọ́ gíga, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé pátápátá.