Kí ló dé tí ọkọ̀ onírìmóòtù mi fi dà sẹ́yìn lórí àpáta?

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gé alumíníọ́mù tí mo fi ṣe ṣáásì ọkọ̀ onírìmóòtù mi. Ọjọ́ tí mo wá gbé e lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi dà sẹ́yìn, gbàgà! Servo tí mo fi owó oúnjẹ rà fọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí. Ẹ má rò pé ayé ló ń ṣe mí o, físíìsì ni.

Gbogbo nǹkan ló ní ojú kan tí ìwúwo rẹ̀ pàdé sí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú ìwúwo. Tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, tí ojú ìwúwo yìí bá fi lè kọjá sẹ́yìn ibi tí táyà ẹ̀yìn ti tẹ ilẹ̀, ó máa dà ni.

Ẹ wo ìṣirò tèmi. Láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn jẹ́ 30 cm. Òkè pátápátá, láàárín, ni mo gbé bátìrì sí. Nítorí náà, ojú ìwúwo fi 15 cm jìnnà sí táyà ẹ̀yìn, ó sì fi 12 cm ga sílẹ̀. Ẹ fi 12 pín 15, ó jẹ́ 1.25. Ẹ wá tẹ tan⁻¹ lórí fóònù yín: nǹkan bí 51°. Òkè tó bá ga ju ìyẹn lọ, ó di dídà.

Nígbà tí mo ṣe ìkejì, mo gbé bátìrì wá sórí áàsù iwájú, ìyẹn ọ̀pá tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀. Mo gbé táyà iwájú sórí òṣùwọ̀n ìdáná, mo fi ìwé gbé tẹ̀yìn sókè kó lè dọ́gba. Iwájú jẹ́ 1.2 kg nínú 2 kg. Ìyẹn ni pé ojú ìwúwo ti di 18 cm sí táyà ẹ̀yìn. Gíga rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 8 cm. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: 66°! Tí táyà ò bá ṣáà ti yọ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: ẹrù tó wúwo ló yẹ kó wálẹ̀, kì í ṣe ikùn ọkọ̀. Tí ikùn bá sún mọ́lẹ̀ jù, orí òkúta ló máa há sí.

Tẹ́ ẹ ò bá rí alumíníọ́mù, pátákó oníke tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ máa ṣe é, ayùn lásán ń gé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé e wò. Páálí ò wọ́n, servo ló wọ́n.

Ọkọ̀ kejì ti gun àpáta yẹn dókè. Àwọn ọmọ tó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ló wá ń bẹ̀ mí báyìí pé káwọn náà wà á.