Láti Kíjìpá Dé Òkìrìkà: Bí Aṣọ Iṣẹ́ Obìnrin Ṣe Yí Padà Nígbà Ọyẹ́

Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, obìnrin tó ń sin adìẹ l'Ẹ̀sà-Òkè kò lè dúró de oòrùn kó tó jáde. Kílẹ̀ tó mọ́ tán ni yóò ti ṣílẹ̀kùn ilé adìẹ, tí yóò fọ ìmumi, tí yóò bu oúnjẹ, tí yóò ṣa ẹyin, tí yóò sì kó ìyẹ̀ pákó tó ti rin fún ìgbẹ́ síta. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ síbi iṣẹ́ yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ilé kan sí èkejì: ìró àǹkárá tó ti ṣá, súwẹ́tà àlòkù tí à ń pè ní òkìrìkà, ìbọ̀sẹ̀, bàtà òjò, àti gèlè tí wọ́n wé bo etí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a dìídì rán fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹran ọ̀sìn. Bí wọ́n ṣe wá pàdé lára rẹ̀ jẹ́ ìtàn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Àárín òkè ni Ẹ̀sà-Òkè wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, lápá ibi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń bá Èkìtì pààlà. Ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, atẹ́gùn gbígbẹ sì ni. Nígbà tí kò bá sí ìkùukùu tó nípọn lójú ọ̀run, gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á fò lọ lóru. Ìdí nìyẹn tí eyín fi ń pa kéké láàárọ̀, tí oòrùn sì ń ta ni lẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Aṣọ tó bá máa wúlò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ móoru, kó sì tún ṣeé bọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Kí òkìrìkà tó dé, kíjìpá, aṣọ òwú tí a fọwọ́ hun, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Obìnrin ló ń hun ún. Òfì ọkùnrin a máa mú aṣọ tóóró jáde, èyí tí wọ́n ń tò mọ́ra wọn kó tó di ẹ̀wù. Òfì obìnrin ní tirẹ̀, òró ni wọ́n ń gbé e ti ògiri nínú ilé tàbí lọ́ọ̀dẹ̀, aṣọ tó sì ń ti ibẹ̀ wá máa ń fẹ̀. Bí wọ́n bá ti so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ìró ti délẹ̀. Obìnrin lè hun ún láàárín kó máa dáná, kó máa wo ọmọ, kó sì máa gba àlejò.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ran òwú rẹ̀. Wọn a yọ kóró inú òwú, wọn a gbọ̀n ọ́n, wọn a fi ìrànwú ran án. Fọ́nrán tí a fọwọ́ ran kì í dọ́gba bíi ti ẹ̀rọ. Ó nípọn, ó sì ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú aṣọ. Afẹ́fẹ́ tó há yẹn gan-an ló ń mú ara móoru, ìbáà jẹ́ nínú kíjìpá, ìbáà jẹ́ nínú ẹ̀wù tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lè rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú títí yóò fi dúdú, kí ìdọ̀tí má tètè hàn lára rẹ̀. Kíjìpá kan náà ni ìró lọ́sàn-án, òun náà ni aṣọ ìbora lóru, òun náà ni wọ́n fi ń pọn ọmọ.

Wọn kì í sọ kíjìpá tuntun sínú ẹrẹ̀. Èyí tó ti gbó ló ń lọ sóko. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni aṣọ iṣẹ́: aṣọ tó ti rọ̀ mọ́ ara ẹni tó ni ín, tó mọ ibi tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ dé àti ibi tí apá rẹ̀ ń lọ.

Ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn wà nínú bí kíjìpá ṣe kógbá wọlé. Nígbà tí ogun Kírìjì parí, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, tí ibùdó ogun sì tú ká ní 1893, ọ̀nà ṣí fún òwò. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní òṣómàáló gbé aṣọ òyìnbó rù, wọ́n ń tà á láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń padà lọ gbowó wọn láìgba àwáwí. Aṣọ ẹ̀rọ fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti aṣọ tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ran òwú rẹ̀. Kòkó náà dé, ó ń gba àkókò àwọn obìnrin. Bí ìyá kan ṣe ń gbé òfì rẹ̀ sí àjà, ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé. Àǹkárá wá gba ipò kíjìpá, ṣùgbọ́n àǹkárá kò lè bá ọyẹ́ jà.

Àyè yẹn ni òkìrìkà wá dí. Èbúté Òkìrìkà, nítòsí Port Harcourt, ni àwọn aṣọ àlòkù yìí ti gba orúkọ. Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó wọn wọlé, síbẹ̀ béèlì ń gba Kùtọnu wọlé, ó ń dé Kátángúà l'Èkó, ó sì ń ti ibẹ̀ dé ọjà àwọn ìlú kéékèèké. Nínú béèlì kan, ènìyàn lè rí kádígàn tí ìyá àgbà kan wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti jákẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ilé ìwé kan sọ nù ní Jámánì. Ọ̀rọ̀ oríire ni. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń rí èyí tó dára he.

Iṣẹ́ ilé adìẹ náà ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ ń jẹ̀ kiri àgbàlá ni, kò sẹ́ni tó ń múra nítorí rẹ̀. Ní 1959 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀, pẹ̀lú àwòkọ́ṣe láti Ísírẹ́lì, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ẹ̀sà-Òkè wà lára àwọn ìlú tó ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni sísin adìẹ òyìnbó nínú ilé ti ń tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin sì fi ń jẹun.

Ní oṣù Kejì ọdún 2006, wọ́n fìdí àìsàn adìẹ H5N1 múlẹ̀ ní Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú oko kan ní Kàdúná. Ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan kú nípa rẹ̀ l'Èkó. Àwọn dókítà ẹran wá ń tẹnu mọ́ ọn pé aṣọ àti bàtà tí a wọ̀ délé adìẹ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ni wọ yàrá tàbí ọjà. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olóko ti mọ̀ pé aṣọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá dúró, kó ní ibi tí à ń gbé e kọ́ lẹ́nu ọ̀nà oko.

Nínú ọ̀rọ̀ aṣọ iṣẹ́, àwọn òyìnbó náà kò tètè ro ti obìnrin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Bìrìtìkó pe àwọn obìnrin rẹ̀ jọ láti máa roko, kí wọ́n sì máa fún wàrà màlúù ní ìdájí nígbà òtútù. Wọ́n lé ní 80,000 nígbà tí wọ́n pọ̀ jù. Ìjọba fún wọn ní súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, ṣòkòtò tó dé orúnkún, ìbọ̀sẹ̀ gígùn àti kóòtù. Ó gba ogun kí wọ́n tó rí aṣọ tó yẹ wọ́n.

Èyí tó ń jáde látinú béèlì ni a ṣì ń wọ̀ nílé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mọ bí a ṣe ń ṣà á. Òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílò ooru tó tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí à ń dín kù ní bíi 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú wọn á máa ti inú ooru bọ́ sínú ọyẹ́ léraléra. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sàn fún un ju ẹyọ jákẹ́ẹ̀tì kan tó wúwo lọ. Kádígàn oníbọ́tìnnì ló dára jù, nítorí ó ṣeé ṣí láìbọ́ gèlè. Èyí tó bá súnmọ́ ara lè jẹ́ òwú, ṣùgbọ́n bí òógùn bá ti rin ín, kí a pààrọ̀ rẹ̀, torí òwú tó tutù a máa fa ooru kúrò lára.

Níbi tí èédú tí a fi ń mú ilé òròmọdìẹ móoru bá ti ń jó, kí a sá fún aṣọ oníke. Kò ṣòro láti dá a mọ̀: ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ fi iná kàn án. Bó bá rùn bí irun tó jóná tó sì di eérú, irun àgùntàn ni. Bó bá yọ́ tó sì ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ike ni, ó lè lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, kí ẹ sì wo apá ẹ̀wù kó má gùn bọ inú omi. Bàtà òjò ọkùnrin máa ń tóbi jù fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ra èyí tó gba ìbọ̀sẹ̀ kan láìfún. Kí a fọ òkìrìkà dáadáa, kí a sì lọ̀ ọ́ kó tó kan ara.

Síbẹ̀, ìlú tí ìyá ìyá wa ti ń hun aṣọ òtútù fúnra wọn kò yẹ kó máa retí béèlì. Láyé Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ilé iṣẹ́ ìránṣọ l'Òṣogbo rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Télọ̀ tó lè rán yẹn lè rán aṣọ ilé adìẹ tó nípọn, tó ní àpò, tó sì bá ìdí obìnrin mu. Ẹ̀yin télọ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùsìn adìẹ, ẹ jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Ọjà wà fún un.