Bí èèpo obì ṣe ń sọ fàdákà di ohun tó ń pa kòkòrò àrùn

Bí àgbẹ̀ bá ti yọ obì tán, ààtàn ni èèpo rẹ̀ máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ní Yunifásítì LAUTECH ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef ń darí ti rí iṣẹ́ mìíràn fún èèpo obì gbànja: wọ́n fi omi rẹ̀ sọ fàdákà di ègé tíntìntín tí ojú kò lè rí.

Nánò ni wọ́n ń pe irú ègé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan níbẹ̀ ni nánòmítà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Wọn a lọ èèpo gbígbẹ kúnná, wọn a fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, wọn a sì sẹ́ ẹ. Omi yìí ni wọ́n ń dà mọ́ omi tí wọ́n ti yọ́ iyọ̀ fàdákà sí. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di rúsúrúsú, àmì pé nánò ti dé nìyẹn.

Èròjà inú èèpo náà ló ń sọ iyọ̀ fàdákà di ègé fàdákà gidi, òun náà ló sì ń bo ègé náà lára kí wọ́n má baà lẹ̀ pọ̀. Láìsí i, kẹ́míkà líle bíi sodium borohydride ni wọ́n sábà máa ń lò.

Kí nìdí tó fi ṣe pàtàkì?

Ìwádìí tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde ní ọdún 2022 sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ni kòkòrò bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa lágbàáyé ní 2019. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ìwọ̀n ikú náà ti ga jù lọ.

Fàdákà ń da ara kòkòrò lu, ó sì ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n po nánò èèpo obì mọ́ ọ̀dà ilé ní LAUTECH, ọ̀dà náà dènà bakitéríà àti ohun tó ń mú kí nǹkan bu.

Ṣé ó ṣeé mu bí àgbo?

Rárá. Nígbà tí wọ́n dán nánò tí wọ́n fi kòkó ṣe wò lára gbòǹgbò àlùbọ́sà, wọ́n rí àléébù nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń mu fàdákà fún ìgbà pípẹ́, awọ ara rẹ̀ lè dà bí eérú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà.

Bákan náà, èèpo oko kan kì í ní èròjà kan náà pẹ̀lú ti oko mìíràn. Iṣẹ́ tó kù ni láti mọ ìwọ̀n tí yóò pa kòkòrò ara ògiri láìpa onílé lára.